Lẹ́yìn Tí Èrò Bá Túká: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ọ̀fọ̀ àti Ìtùnú

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyá wa láti Ọjà Ọba, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ní Òṣogbo lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ìdùnnú gbé sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé kan nínú ìlú yìí tí kò tíì kàn rí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú mi sì ti rí ọ̀pọ̀ ìdílé tó gbé aláìsàn wọlé wá, tó sì jẹ́ pé òkú ni wọ́n gbé jáde. Ohun tí mo kíyè sí láti ìgbà náà wá ni pé a mọ òkú í sin nílẹ̀ Yorùbá, a sì mọ ọ̀fọ̀ í kí, ṣùgbọ́n a ti ń gbàgbé bí a ṣe ń dúró ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Gbogbo agbára wa ni à ń lò tán ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú. Nígbà tí èrò bá túká, tí wọ́n tú kánópì, tí wọ́n kó àga aláàga padà, tí fóònù kò dún mọ́, ìgbà náà gan-an ni ọ̀fọ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ onílé wá, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò fi ojú kan náà wo gbogbo ikú. Bí arúgbó tó ti rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá lọ, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní ó sùn, ó relé, ó ti fi ilẹ̀ bora bí aṣọ. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà ni. Ìlù yóò dún, màlúù yóò ṣubú, àwọn àna yóò gbé ohun tó tọ́ sí wọn wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní í rí i bí ohun tó burú, nítorí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àdúrà ni a fi ń kí ọmọ olóòkú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn á dára, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá kú nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ìlù á dákẹ́. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. A kì í se àsè rẹ̀, a kì í dá aṣọ ẹbí fún un. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, a kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé e dé ibojì, a kì í sì í fi ibojì náà hàn wọ́n títí ayé. Àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ni wọ́n á yára palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ ìdí tí àwọn àgbà fi gbé àṣà náà kalẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí òbí rí ohun tí kò yẹ kí ojú òbí rí, wọ́n sì fẹ́ dáàbò bo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́. Èmi kò wá síbí láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé àti lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í parí sí ẹnu ibojì. A máa bá òbí wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ọmọ yóò di èèwọ̀. Wọ́n á yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n á kó aṣọ rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, bí ìyá bá sì ṣèèṣì mẹ́nu bà á, gbogbo ará ilé á yára wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ìyá á wá máa rò pé òun nìkan ṣoṣo ló rántí, nígbà tó jẹ́ pé bàbá ń jí lóru, tí ẹ̀gbọ́n sì fi ìwé àbúrò rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí a bá wo ohun tí a ń ṣe fún àgbà, a ó rí i pé iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni àṣà ibẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí òkú àgbà bá wà nílẹ̀, àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin agbo ilé, àti àwọn ìyàwó ilé á máa ki oríkì rẹ̀. Ẹkún wọn ní ọ̀rọ̀ nínú: wọ́n á pe baba tó bí i, wọ́n á pe ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, wọ́n á sọ bí ó ṣe máa ń rìn àti bí ó ṣe máa ń náwó, títí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò fi mọ irú ènìyàn tó lọ. Àwọn ọdẹ ní tiwọn, ẹ sì mọ̀ pé ọdẹ wà lára àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, nítorí pé ọdẹ ni Olútìmẹ́hìn tó bá Láròóyè dé etí odò Ọ̀ṣun. Bí ọdẹ kan bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, fún un, wọ́n á ṣe ìṣípà rẹ̀, ètò ìdágbére fún ọdẹ tó kú, wọ́n á kó irinṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ jọ lọ sínú igbó, kí wọ́n tó gbà pé òun àti àwọn ti pínyà. Ní agbo ilé ẹlẹ́gúngún, ará ọ̀run a máa padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé ìjọ́un, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ojú oórì bàbá fi jẹ́ ibi tí ọmọ lè kúnlẹ̀ sí, kó ké sí i, kó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un. Nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ọ̀kan tó ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Wọ́n ń wá àyè tuntun fún olóògbé láàárín àwọn tó kù ni, wọ́n sì ń ṣe é ní gbangba, ní ọjọ́ tí gbogbo ilé mọ̀.

Nínú ikú ọmọdé, ìyá ìbejì nìkan ni mo mọ̀ tí àṣà fún ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí Ifá sì fọwọ́ sí i, wọ́n á ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère fún un. Ìyá á máa wẹ ère náà, á máa fi osùn kùn ún, á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, bí ó bá sì ń bọ́ èyí tó wà láàyè, á gbé díẹ̀ síwájú èyí tó lọ. Irú ère bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí káàkiri ayé báyìí. Bí ẹ bá sún mọ́ àwọn mìíràn nínú wọn, ẹ ó rí i pé imú ti parẹ́, ẹnu ti parẹ́, ilà ojú kò hàn mọ́, síbẹ̀ irun orí ṣì dúró ketekete. Ikán kọ́ ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ ìyá ló fọ ojú náà títí tó fi dán. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ gbẹ́ ère. Oníkálukú ló mọ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn mọ̀ pé ọwọ́ tó ń wẹ ọmọ lójoojúmọ́ kò lè dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì wá nǹkan fún ọwọ́ náà ṣe.

Kí ni àwa ń fún un ṣe lónìí? Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè, 132 ni kì í dé ọmọ ọdún 5. Ẹ fi èyí ro iye òbí tó ń kọjá ní ọ̀nà Ìgbònà lójúmọ́, tí wọ́n ti sin ọmọ rí, tí a kò sì mọ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ìyá kò bá a lọ, ó sì tọ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń rí fún yín. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin tí obìnrin bímọ ni wàrà máa ń ya wọ ọmú, yálà ọmọ wà láàyè tàbí kò sí. Mo ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní ọjọ́ tó bí i, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ kẹrin, tí bùbá rẹ̀ tutù ní àyà, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bò ó nítorí pé ojú ń tì í, tó sì jẹ́ pé ìbátan rẹ̀ ọkùnrin kan dúró síwájú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé agbè kò fọ́. Kò sí ẹni tó ti sọ fún un pé wàrà náà á wá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bí ojú ọmọ náà ṣe rí, bóyá ìyá ni ó jọ tàbí bàbá. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ bi irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò lè dúró di ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́.

Ẹnì kan wà tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí ju ilé ìwé lọ, alájọ ni. Obìnrin kan ní àdúgbò wa, tó ń ta àdìrẹ, máa ń dá àjọ ní orúkọ méjì, tirẹ̀ àti ti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà. Ọmọ náà kú sójú pópó. Nígbà tí alájọ padà wá gba owó, ó ṣí ìwé, ó sì mú bírò láti fa igi lé orúkọ olóògbé. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kó fi orúkọ náà sílẹ̀, òun ni yóò máa san án. Àwọn ẹbí gbọ́, wọ́n ní orí rẹ̀ ti ń dàrú, wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n alájọ kò jiyàn. Ó dé bírò rẹ̀, ó fa àpótí jókòó, ó sì bi í léèrè bí ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àjọ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tó bá ti wá gbowó, á jókòó díẹ̀, obìnrin náà á sì sọ nǹkan kan nípa ọmọ rẹ̀ fún un: bí ó ṣe máa ń purọ́ pé òun ti jẹun, bí ó ṣe fi owó àjọ àkọ́kọ́ ra aṣọ fún òun. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí alájọ kó owó náà jọ, kí ó pa orúkọ yẹn dé, nítorí pé ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ènìyàn, n kò sì tíì rí èyí tó ṣe é dáadáa ju alájọ yẹn lọ.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti ń sún mọ́ ibi tí alájọ náà wà. Ní 1999, àwọn olùwádìí méjì ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Margaret Stroebe àti Henk Schut, gbé àlàyé kan jáde tó bá ohun tí mo fojú rí mu gan-an. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í gba ojú ọ̀nà kan lọ tààrà títí ara rẹ̀ yóò fi yá, à-lọ-à-bọ̀ ni. Ní wákàtí kan, á dojú kọ àdánù rẹ̀, á sunkún, á wo fọ́tò, á máa ṣàfẹ́rí ẹni tó lọ; ní wákàtí mìíràn, á dojú kọ ayé tó kù, á lọ sọ́jà, á ṣírò owó ilé ìwé, á tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti wà ní apá kan ṣoṣo láìkúrò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè di èyí tí à ń bẹ̀rù. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti wí. Nítorí náà, ẹ má ṣe bínú sí opó tó rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kẹsàn-án, kí ẹ máa sọ pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún èyí tó sunkún ní oṣù kẹsàn-án pé ó ti ń pọ̀ jù.

Ohun kan náà ló mú kí n fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe tó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ìpele márùn-ún ni ọ̀fọ̀ ní, àti pé ẹni tí kò bá gba ìbínú kọjá kò lè dé ibi ìgbà-fún-Ọlọ́run. Dókítà Elisabeth Kübler-Ross ló sọ̀rọ̀ ìpele náà ní 1969, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn tí wọ́n mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ àwọn fúnra wọn ló ń fetí sí nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í díwọ̀n ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú. Ẹlòmíràn kì í bínú rárá. Ẹlòmíràn sì wà tó ti gbà fún Ọlọ́run láti ọjọ́ kìíní, tó jẹ́ pé ọdún kejì ni ẹkún tó dé.

Ìbànújẹ́ a máa gúnlẹ̀ sínú ara pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ẹni tó bá sọ pé àyà ń dun òun. Ní 1990, àwọn dókítà ní Japan ṣàlàyé àìsàn ọkàn kan tí wọ́n pè ní takotsubo, èyí tí ó lè bá ènìyàn lẹ́yìn ìbànújẹ́ tàbí ìpayà ńlá. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù ló sábà máa ń ṣe. Àyà á máa ro wọ́n, èémí á máa há, yóò sì jọ bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ara wọn máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ ti ìbànújẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ọkàn, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró fi àdúrà nìkan sí i. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá sọ fún yín pé òun gbọ́ ohùn olóògbé ní ẹ̀yìnkùlé, tàbí pé òun rí i fìrí lọ́jà, ẹ má ṣe sá. Ó wọ́pọ̀ gan-an, kì í ṣe wèrè, púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ló sì sọ fún mi pé ìtùnú ló jẹ́ fún àwọn.

Àwọn kan á ní ẹ̀sìn kò fẹ́ ẹkún. Ilé tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jẹun nínú àwo kan pọ̀ ní Òṣogbo, nítorí náà mo fẹ́ dá ẹ̀yin méjèèjì lóhùn. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànọ́bì Muhammad, kú ní kékeré, Ànọ́bì sunkún, nígbà tí ẹnu sì ya ẹni tó wà níbẹ̀, ó dáhùn pé àánú ni ẹkún náà, pé ojú ń sunkún, ọkàn sì ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wu Olúwa nìkan ni ẹnu yóò sọ. Fífa aṣọ ya àti lílu ojú ẹni ni Ìsìláàmù kọ̀. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun fẹ́ jí i dìde. Ní ti Jóòbù, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbọ́ ohun tó dé bá a, wọ́n wá jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ 7 àti òru 7 láìsọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Bí ẹ bá ka ìtàn náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ìgbà tí wọ́n la ẹnu sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá kún ìnira rẹ̀. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí mo bá gbọ́ tí olùtùnú ń béèrè ohun tí ẹbí ṣe tí ikú fi wọlé, ta ni wọ́n bá jà, àti irú àlá wo ni wọ́n lá.

Ọ̀rọ̀ opó kò ní gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe nítorí pé ó kéré, bí kò ṣe pé ohun tó yẹ kí a sọ nípa rẹ̀ ṣe kedere. Òfin Ọlọ́run nínú Àlùkùránì ní kí obìnrin ṣe opó ọkọ rẹ̀ fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10, tàbí títí yóò fi bímọ bí ó bá lóyún. Àkókò ìsinmi àti àbò ni. Dídá irun fún un ní tipátipá, mímú kí ó sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, gbígba kọ́kọ́rọ́ yàrá àti ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí omijé kò tíì gbẹ, ìyà ni, òfin orílẹ̀-èdè yìí tó lòdì sí ìwà ipá, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, sì ka fífi àṣà ìpalára jẹ opó níyà sí ẹ̀ṣẹ̀. Obìnrin tó ń dáàbò bo àwo àti ìkòkò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọkọ kò ráyè ṣọ̀fọ̀ ọkọ.

Nípa àríyá ìsìnkú, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ń rí. N kò bá ẹni tó ní lọ́wọ́ jà pé ó yẹ́ ìyá rẹ̀ sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé a fi òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù púpọ̀ kí a lè wá owó aṣọ ẹbí, ní gbogbo àkókò náà ọmọ olóòkú kò sunkún nítorí pé ó ń sáré, nígbà tó bá sì sin ín tán, gbèsè ló jókòó tì í dípò ènìyàn. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí èrò péjọ, ọ̀pọ̀ ìdílé sin òkú wọn láìsí àpèjẹ, wọ́n sì ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá fetí sí wọn dáadáa, àpèjẹ kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò kan ni wọ́n ń sọ.

Àwọn ọmọdé ni wọ́n jẹ mí lọ́kàn jù. A máa ń sọ fún wọn pé bàbá lọ sí Èkó, ìyá lọ sí òkè òkun, ẹ̀gbọ́n wọn ń sùn. Ọmọ á máa retí. Ọmọ tí a sọ fún pé ẹni tó kú ń sùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun, èyí tí a sì sọ fún pé ìyá rìnrìn àjò á máa ṣe kàyéfì ohun tí òun ṣe tí ìyá fi lọ láìdágbére. Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì mọ̀ dájú pé ikú kì í dá ènìyàn padà, nítorí náà yóò bi yín léèrè lónìí, yóò tún bi yín lọ́la, lẹ́yìn náà á sá lọ ṣeré bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àìmọ̀kan rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ọmọdé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó mọ́lẹ̀ sọ fún un: bàbá ti kú, ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní í padà wá, kì í ṣe ìwọ lo fà á, èmi wà pẹ̀lú rẹ. Bí ó bá fẹ́ tẹ̀lé wa lọ ibi ìsìnkú, ẹ jẹ́ kí àgbà kan tó fọkàn tán di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ kan bá padà sí kíláàsì lẹ́yìn òkú, tí èsì ìdánwò rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi pàṣán pàdé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà, mo rí yín. Wọ́n ti sọ fún yín láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún, pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ọkàn akin nítorí àwọn obìnrin ilé. Èmi rí bàbá kan tó ṣe ètò gbogbo ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ láìmi orí, tó kí gbogbo àlejò, tó san owó gbogbo. Ìwọ̀n oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọtí ti di oúnjẹ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kí i mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yìn ín pé ó gbìyànjú. Ẹ máa lọ bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń ta ayò tàbí níbi tó ti ń tún mọ́tò ṣe, ẹ kò sì nílò láti mú ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kankan dání. Ẹ dárúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ó kù kí n sọ ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti di èyí tó kọjá agbára ọ̀rẹ́. Láti oṣù kìíní 2022 ni ìwé tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àwọn àrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀fọ̀ tí kò tán sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí dókítà wò ni bóyá àfẹ́rí tàbí ìrora náà ti kọjá oṣù 6 tí ó ṣì lágbára, tí kò sì fi ẹni náà sílẹ̀, bóyá kò jẹ́ kí ẹni náà lè ṣiṣẹ́ tàbí bá ènìyàn gbé, àti bóyá ó ju ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn rẹ̀ kà sí ìwọ̀n lọ. Ní ọdún kan náà, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi tiwọn sí oṣù 12 fún àgbàlagbà. Inú mi dùn sí i pé wọ́n ní kí a wo àṣà, nítorí pé ó di dandan kí dókítà béèrè lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá sọ pé òun fẹ́ tẹ̀lé olóògbé lọ, tí kò jẹun, tí kò wẹ̀, tí ó ń pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ẹ má ka oṣù kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà níhìn-ín ní Òṣogbo, níbi tí àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ wà, kí ẹnì kan má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí ẹ ó fi débẹ̀.

Fún àwọn tó kù, tí tiwọn kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ rí i pé ó yẹ kí wọ́n rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má kàn fún wọn ní nọ́ńbà fóònù kí ẹ sì máa lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹ wọ mọ́tò pẹ̀lú wọn, ẹ bá wọn gba káàdì. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbà fún wọn, kí ẹ sì padà wá béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.